Ìwé ilé-ẹjọ́ tó ń lọ ilẹ̀ òkèèrè: a dáhùn ìbéèrè yín

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ìwé ilé-ẹjọ́ pọ̀ gan-an, ẹjọ́ inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: ìwé wà lọ́wọ́, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n mú un lọ kò gbà á. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì mú méje nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ká láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn ní orílẹ̀-èdè tí mò ń gbé báyìí. Ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó níbẹ̀ wo ìwé ìdájọ́ mi, ó ní kò ní Apostille. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀? *Ìyá Ìbejì*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹni tí ẹ gbé ìwé fún yẹn kò mọ ilé-ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ yín, kò mọ akọ̀wé tó buwọ́ lu ìwé náà, kò sì lè fi ojú lásán mọ òǹtẹ̀ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Apostille ni ọ̀nà tí ìjọba orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá ń gbà sọ fún un pé: ẹni tó buwọ́ lu ìwé yìí, a mọ̀ ọ́n, ipò tó ní òun wà, ibẹ̀ ló wà lóòótọ́, òǹtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ tòótọ́ ni. Ohun tó sọ kò ju mẹ́ta yìí lọ. Kò sọ pé ìdájọ́ náà tọ̀nà, kò sì jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú ìwé. Bí èyí bá yé yín, ìdajì wàhálà ti tán.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nílùú Hague, ní Netherlands, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1961 ló dá a sílẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀ sì ti lé ní 120. Ìwé ilé-ẹjọ́ ni àdéhùn náà kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn ìwé ìjọba tó kàn: ti adájọ́, ti akọ̀wé ilé-ẹjọ́, ti agbẹjọ́rò ìjọba, títí kan ti ẹni tó ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹjọ́ o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gba ìwé náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé ìwé wo gan-an ló fẹ́: ṣé odindi ìdájọ́ ni, àbí ìwé ẹ̀rí pé ìgbéyàwó ti tú, àbí méjèèjì? Ẹ bi í bóyá ẹ̀dà tuntun ló fẹ́, bóyá oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà ni kò gbọ́dọ̀ ju lọ. Ẹ bèèrè èdè tó fẹ́ ẹ ní àti irú ògbufọ̀ tó gbà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, torí ẹni tí ẹ bá lọ́jọ́ tí ẹ bá padà dé lè má jẹ́ òun.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí rẹ́jísítírì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń tọ́jú fáìlì ẹjọ́, nílé-ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ náà. Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ dání, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yin méjèèjì bó ṣe wà nínú fáìlì, àti ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ ní ẹ̀dà tí ilé-ẹjọ́ jẹ́rìí sí lẹ fẹ́, fún lílò ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ sì dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ìwé tí ẹ ti ní nílé láti ọdún mẹ́ta wá lè má wúlò fún èyí. Fótókọ́pì rẹ̀ ni kò tiẹ̀ wúlò rárá.

Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, ẹ yẹ ìwé náà wò lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí gbólóhùn kan wà lórí rẹ̀ tó sọ pé ẹ̀dà ohun tó wà nínú fáìlì ilé-ẹjọ́ ni. Ó yẹ kí ọjọ́ wà níbẹ̀. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti yíǹkì gidi, kì í ṣe èyí tí fótókọ́pì gbé jáde. Lábẹ́ rẹ̀, kí orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú hàn ketekete, kí òǹtẹ̀ má sì gorí ìbuwọ́lùwé débi tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kà á. Ìbuwọ́lùwé tó dà bí ìwọ̀ ẹja, tí kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀, ni ọ̀ràn tó ń dá ìwé padà jù lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ sí i nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ìdájọ́ náà ti di àṣekágbá. Níbi púpọ̀, ipele méjì ni ìtúká ìgbéyàwó ń gbà. Ní England àti Wales, fún àpẹẹrẹ, àṣẹ kan wà tó kọ́kọ́ ń jáde, òmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá. Ẹni tó bá mú ti àkọ́kọ́ lọ ṣì jẹ́ ẹni tó wà nílé ọkọ tàbí tó ní ìyàwó. Níbi tí wọ́n bá ń fúnni ní ọjọ́ kan pàtó láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ọjọ́ náà ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì pẹjọ́.

Ó wá ku Apostille. Orílẹ̀-èdè tí ìdájọ́ ti jáde nìkan ló lè fi í sí i, láti ọwọ́ ọ́fíìsì tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ́ńbásì kò lè ṣe é, yálà tiyín tàbí tiwọn. Níbi tí ìpínlẹ̀ pọ̀, ẹ ṣọ́ra: ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń fi sí ìwé ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní akọ̀wé tirẹ̀ tó lè fi Apostille sí ìwé ilé-ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan lọ bá èkejì, yóò padà lọ́wọ́ òfo. Orúkọ àwọn ọ́fíìsì yìí, ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wà lórí hcch.net, ojú òpó àjọ tó ń bójú tó àdéhùn náà.

Bí wọ́n bá fún yín, ẹ wò ó dáadáa. Igun mẹ́rin ló ní, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 9. Àkọlé rẹ̀ wà ní èdè Faransé, ìbáà jẹ́ èdè wo ni wọ́n fi kọ ìyókù: *Apostille (Convention de La Haye du 5 octobre 1961)*. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà mẹ́wàá wà, tí a fi nọ́ńbà sí. Ìlà kejì ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ: orúkọ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tó buwọ́ lu ẹ̀dà yín ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìlà kẹta ni ipò rẹ̀, ìkẹrin ni òǹtẹ̀ tó wà lórí ìwé. Bí orúkọ tó wà nílà kejì bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ẹ̀dà yín, ẹ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Mo gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú ọmọ láti ilé-ẹjọ́, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé pé. Ọ́fíìsì tó ń fi Apostille sí i dá a padà, wọ́n ní àwọn kò rí ìbuwọ́lùwé náà. Ó sì wà níbẹ̀ gbangba! *Bàbá Tólúwani*

Ìdáhùn: Bàbá Tólúwani, kì í ṣe orí ìwé ni wọn kò ti rí i, inú àkọsílẹ̀ tiwọn ni. Ọ́fíìsì náà ń tọ́jú àpẹẹrẹ ìbuwọ́lùwé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́. Bí ìwé bá dé, wọn á gbé ti orí ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú fáìlì, wọn á fi wé ara wọn. Bí akọ̀wé náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn dúró fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tàbí tó ti yí ọwọ́ ìbuwọ́lùwé padà, kò sí ohun tí wọ́n máa fi í wé. Ìwé yín lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, wọn kò sì ní lè jẹ́rìí sí ẹni tí wọn kò mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, kí ẹ bi ọ́fíìsì náà pé ta ni wọ́n mọ̀ nílé-ẹjọ́ yẹn, kí ẹ padà síbẹ̀ kí onítọ̀hún buwọ́ lu ẹ̀dà tuntun. Èyí ló yá jù. Èkejì, kí ilé-ẹjọ́ fi àpẹẹrẹ ìbuwọ́lùwé akọ̀wé tuntun náà ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì dúró. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá akọ̀wé tàbí adájọ́ kọ ìwé ẹ̀rí lé e lórí pé akọ̀wé náà ni, pé ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìyẹn. Apostille á wá dúró lé ìbuwọ́lùwé ọ̀gá yẹn. Ní Amẹ́ríkà irú ẹ̀dà kan tiẹ̀ wà tó ní ìbuwọ́lùwé mẹ́ta: akọ̀wé jẹ́rìí sí ẹ̀dà, adájọ́ jẹ́rìí sí akọ̀wé, akọ̀wé tún padà jẹ́rìí sí adájọ́. Àwọn ilé-ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń bèèrè rẹ̀ gan-an, nítorí náà bí ẹ bá rí i nínú lẹ́tà wọn, ẹ má rò pé ẹ̀dà lásán ti tó.

Ìbéèrè: Ṣé nótárì, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kò lè bá mi jẹ́rìí sí fótókọ́pì ìdájọ́, kí wọ́n fi Apostille sí i? Ilé-ẹjọ́ náà jìnnà. *Ọmọ-Aládé*

Ìdáhùn: Wọ́n lè fi sí i, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Apostille yẹn yóò dárúkọ nótárì ní ìlà kejì. Ohun tó ń sọ ni pé nótárì ni nótárì. Kò sọ ohunkóhun nípa ilé-ẹjọ́, nótárì kò sì ní fáìlì ẹjọ́ lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ gbé wá fún un pé. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ àti ọ́fíìsì ìgbéyàwó kì í gbà á, àwọn ìjọba kan kì í sì í jẹ́ kí nótárì tiwọn fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí rẹ́jísítírì, tàbí kí ẹ rán agbẹjọ́rò tó wà nítòsí ibẹ̀. Nótárì wúlò fún ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, bí ìwé tí ẹ fi gbé agbára lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo yọ píìnì tó di ìwé náà pọ̀ kí n lè fi ẹ̀rọ dà á kọ. Mo ti dá a padà sínú ihò rẹ̀. Ṣé ó burú? *Ṣadé*

Ìdáhùn: Ó burú, Ṣadé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Bí ẹ bá gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí i pé ihò píìnì ti di méjì-méjì tàbí pé ó ti fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rìbọ́ọ̀nù àti èdìdì ni wọ́n fi dì í, tàbí òǹtẹ̀ irin tí ìdajì rẹ̀ wà lórí ojú-ìwé kan tí ìdajì kejì sì wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ìdajì méjèèjì kò ní bá ara wọn mu mọ́. Ẹni tó máa gbà á kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú-ìwé kan láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ da ìwé kọ, ẹ tẹ ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìtú u, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ má sì fi ike rọ̀gbà bò ó kó má bàa bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í gba ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ sínú ike.

Ìbéèrè: Orílẹ̀-èdè tí mò ń mú ìwé lọ kò sí nínú àdéhùn Hague, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan sọ fún mi. Kí ni ṣíṣe? *Alhaji M.*

Ìdáhùn: Alhaji, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òótọ́ ni, torí ọ̀rọ̀ yìí ń yí padà. Kánádà wọlé lọ́jọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2024, Ṣáínà lọ́jọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Saudi Arabia ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ìmọ̀ràn tí ẹnì kan gbà ṣáájú ìgbà yẹn ti di ti àná. Ohun kejì: kò tó kí orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá àti èyí tó ń lọ wà nínú àdéhùn. Orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ta ko ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àdéhùn náà kò sì ní ṣiṣẹ́ láàárín àwọn méjì yẹn àfi bí ó bá mú àtakò rẹ̀ kúrò. Gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí hcch.net.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ọ̀nà àtijọ́ ni ẹ máa tọ̀. Ilé-ẹjọ́ buwọ́ lu ẹ̀dà. Níbòmíràn, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ jẹ́rìí sí ilé-ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jẹ́rìí sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ, èyí tó wà ní orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá, wá jẹ́rìí sí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ kò lè fo ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì lè yí i po, nítorí pé ìbuwọ́lùwé ẹni tó ṣáájú nìkan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ́ńbásì kò ní ìbuwọ́lùwé akọ̀wé ilé-ẹjọ́ nínú fáìlì tirẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè náà kò bá ní ẹ́ńbásì lọ́dọ̀ yín, ẹ bèèrè èyí tó ń bójú tó yín láti orílẹ̀-èdè mìíràn, kí ẹ sì bi í bóyá òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tiyín ti tó o. Ẹ wo ojú-ìwé tó kẹ́yìn náà: òǹtẹ̀ máa ń pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé kò sí àyè mọ́. Ẹ ní kí ilé-ẹjọ́ fi àyè sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ojú-ìwé òfìfo kún un kí wọ́n tó dì í.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2019, ìwé tó jẹ mọ́ ìbí, ikú, ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti àìní ẹ̀sùn ọ̀daràn kò nílò Apostille láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Ìbéèrè: Ilé-ẹjọ́ dá mi láre pé kí oníbàárà mi san gbèsè. Ó ti sá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Mo ti fi Apostille sí ìdájọ́ náà, mo sì ní kí wọ́n tú u sí èdè wọn. Báńkì rẹ̀ kò dá mi lóhùn. *Oníṣòwò*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Apostille kò sọ ìdájọ́ di àṣẹ nílẹ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ bá gba ìdájọ́ yín wọlé, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú un ṣẹ, ni báńkì tó ní ohun tó lè ṣe. Agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ẹ nílò, ìwé sì ni kí ẹ kó fún un.

Odindi ìdájọ́ ni yóò bèèrè, ẹ̀dà tí ilé-ẹjọ́ jẹ́rìí sí, kì í ṣe ojú-ìwé ìkẹyìn tó ní iye owó nìkan. Ìwé ẹ̀rí pé ìdájọ́ náà ṣeé mú ṣẹ níbi tí wọ́n ti dá a náà wà lára rẹ̀. Bí oníbàárà yín kò bá yọjú sílé-ẹjọ́, èyí tó kù ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ̀rí pé ìwé ìpẹ̀jọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọ̀nà tó gbà tẹ̀ ẹ́. Àìsí ìwé kan ṣoṣo yìí ti ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́, nítorí ilé-ẹjọ́ kì í fẹ́ fìyà jẹ ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Inú fáìlì ilé-ẹjọ́ tiyín ló wà. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ń gba ti ìdájọ́.

Ẹ bi agbẹjọ́rò náà bóyá àdéhùn Hague ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2019 lórí ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè kàn yín. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá kàn yín, ìwé tí ẹ bá fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò nílò Apostille rárá. Ṣùgbọ́n kò kan ẹjọ́ ìgbéyàwó, ogún tàbí bíba orúkọ ẹni jẹ́, kò sì kan ẹjọ́ tí ẹ ti pè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ní ti ìtumọ̀ tí ẹ ti ṣe: Apostille orí ìdájọ́ kò bo iṣẹ́ ògbufọ̀. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tó dára ni kí Apostille kọ́kọ́ wà lórí ìdájọ́, kí ògbufọ̀ wá tú gbogbo rẹ̀ pọ̀, títí kan ọ̀rọ̀ inú òǹtẹ̀ àti Apostille náà. Ibi púpọ̀ ń fẹ́ ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ilé-ẹjọ́ tiwọn, ìyẹn ni ẹ kò ṣe gbọ́dọ̀ sanwó ìtumọ̀ kí ẹ tó bèèrè. Ẹ fi orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ṣọwọ́ sí ògbufọ̀, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Orúkọ tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ níbì kan, tí kò ní níbòmíràn, lè dà bí orúkọ ẹni méjì lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Kó sì fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù: 5/10 jẹ́ oṣù kẹwàá fún ẹnì kan, ó jẹ́ oṣù karùn-ún fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan bá mi gba Apostille, ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú, ṣé ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán? *Akẹ́kọ̀ọ́*

Ìdáhùn: Àdéhùn náà kò fi ọjọ́ kankan sí i. Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lè sọ pé ó ti pẹ́ jù, pàápàá ìwé pé ẹnì kan kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn, torí ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́dún tó kọjá lè má jẹ́ òótọ́ lónìí.

Ní ti ayédèrú, gbogbo ọ́fíìsì tó ń fi Apostille síwèé gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lu ìwé. Ẹnikẹ́ni tọ́rọ̀ kàn lè bi wọ́n bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ òun bá ti àwọn mu. Ọ̀pọ̀ ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ wo ìlà kẹjọ fún nọ́ńbà, ìlà kẹfà fún ọjọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí ọ́fíìsì kò bá mọ nọ́ńbà náà, ayédèrú lẹ gbé dání, kí ẹ má gbé e dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ bi ẹni tó bá yín gbà á bóyá ti orí kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 2006, tàbí fọ́tò ti orí ìwé ló fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò, ìwé gan-an ni kó fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, inú fáìlì náà ni ìbuwọ́lùwé wà, kò sì tẹ̀ jáde lórí ìwé. Ẹ fi fáìlì tó jáde láti ọ́fíìsì náà ránṣẹ́ bó ṣe wà: ẹ má so ó pọ̀ mọ́ fáìlì mìíràn, ẹ má dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ẹ má ṣí i kí ẹ tún fi í pamọ́ ní tuntun, torí èyíkéyìí nínú wọn lè ba ìbuwọ́lùwé náà jẹ́.